Dáàdì Àgbà àti Yìnyín Tó Ń Gbọ̀n

Lọ́jọ́ tí a sin Dáàdì Àgbà, wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ kan jáde wá sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ìṣẹ́jú méjì péré. Mo dìde, mo ní èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn àdúrà, wọ́n fẹ́ràn ìrẹsì, mo sì padà lọ jókòó. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Mi ò parọ́, àmọ́ mi ò sọ nǹkan kan. Ohun tó yẹ kí n sọ nìyí. Ó gùn, kò sì dùn-ún gbọ́, torí lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí bàbá yẹn ní kí n bá àwọn kọ, tí mo kọ tán, tí mi ò fi ránṣẹ́.

Dáàdì Àgbà ló bí Mọ́mì mi. Ẹ má bi mí bí ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe di ẹni tó ń ṣe yìnyín ní London. Àwọn èèyàn bi wọ́n títí ó fi sú wọn. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi wọlé. Gbọ̀ngán yìnyín kékeré kan wà lẹ́bàá odò, láàárín Woolwich sí Thamesmead, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń wá sáré lórí yìnyín lọ́jọ́ Sátidé, tí tíìmù họ́kì kọ́lẹ́ẹ̀jì wa sì ti ń kọ́ eré. Dáàdì Àgbà ló ń gbá ibẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin tó ń wa ẹ̀rọ tó ń mú ojú yìnyín dán fiṣẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ máa jí ní ìdájí. Dáàdì Àgbà, tí wọ́n kúkú máa ń jí gbàdúrà láago mẹ́rin àárọ̀, ní kí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ wá. Ẹ̀rọ yẹn tóbi tó mọ́tò akẹ́rù. Á ha ojú yìnyín, á da omi gbígbóná lé e, omi á dì, gbogbo ẹ̀ á wá dán bíi dígí. Nínú ìjọ, wọ́n kàn ń sọ pé ìdí omi làwọn ti ń ṣiṣẹ́. Arábìnrin kan rò pé píọ̀ wọ́tà ni wọ́n ń tà, ó tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n bá òun gbé wá. Wọn ò já a nírọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé mi jókòó sórí ẹ̀rọ náà, mo ṣì kéré. Mo ní, "Dáàdì Àgbà, ṣé yìnyín yìí ò lè fọ́ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n na ìka sí ìsàlẹ̀, wọ́n ní, "Omi ni gbogbo ẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Ó kàn gbà fún wa fúngbà díẹ̀ ni."

Ẹsẹ̀ wọn ni mo máa ń rántí jù. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, nínú gbọ̀ngán kékeré kan tí kò jìnnà sí Tavy Bridge, ẹni tó bá sì ti wọ sùtánà níbẹ̀ kì í wọ bàtà. Àṣà yẹn ni wọ́n gbé dé ibiṣẹ́. Láràárọ̀, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á bọ́ ìbọ̀sẹ̀, wọ́n á rìn dé àárín yìnyín pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, wọ́n á wá dijú. Ó lè tó kí èèyàn kà dé ogún. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ti dúdú, ó ti le bí awọ bẹ́líìtì. Mọ́mì, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú, tó mọ ohun tí òtútù ń fẹsẹ̀ àgbàlagbà ṣe, máa ń pariwo lé wọn lórí.

"Dáàdì, wọ́n máa gé ẹsẹ̀ yìí dànù ni o!"

"Ẹsẹ̀ ta ni?"

"Ẹsẹ̀ yín ni."

"O ṣeun. Lọ gbé oúnjẹ wá."

Mo dán wọn wò lẹ́ẹ̀kan. Mo ti da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ilé góòlù lálẹ́ àná ẹ̀, mo sì ti nu ún, ojú ò lè rí i mọ́. Wọ́n dúró sójú ibẹ̀, wọ́n kí mi káàárọ̀, wọ́n ní ẹnì kan ti da nǹkan gbígbóná síbí, onítọ̀hún sì ń wo àwọn lójú báyìí. Lọ́jọ́ tí wọn kì í ṣiṣẹ́, wọ́n á mú mi lọ wọ Woolwich Ferry, ọkọ̀ tó ń kó èèyàn sọdá odò, lọ bọ̀, lọ bọ̀, láìní ibi tí a ń lọ. Wọ́n á rọra yọ ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, wọ́n á gbé e lé irin ilẹ̀ ọkọ̀, kí wọ́n lè gbọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. "Ara tiẹ̀ yá," wọ́n á ní, bíi dókítà. Ojú máa ń tì mí. Àwọn èèyàn á máa wò wá, mo sì ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ẹ sáà mọ bó ṣe ń rí.

Ohun kan wà nípa Dáàdì Àgbà tó máa ń bí mi nínú, ó sì ṣì ń bí mi nínú títí di òní. Wọn kì í gbà pé àwọn mọ nǹkan. Ohun tí ẹsẹ̀ wọn sọ fún wọn, ohun tí imú wọn gbọ́, ohun tí ogún ọdún iṣẹ́ fi kọ́ wọn, "A fi hàn mí" ni wọ́n á pè é. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ìjọ nìyẹn. Níbẹ̀, bí o bá ní o rò pé, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ẹ. Bí o bá ní a fi hàn ọ́, gbogbo ilé á dákẹ́. Wọn ò wá ronú ẹ̀ wò pé máníjà gbọ̀ngán yìnyín kì í ṣe ará ìjọ. Wọ́n wọ ọ́fíìsì ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan, mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n sọ fún un ní gẹ̀ẹ́sì pé Ọlọ́run ti fi han àwọn pé páìpù abẹ́ yìnyín ń kú lọ. Máníjà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí, ó ní ẹ ṣé gan-an, ó wá padà sí kọ̀ǹpútà ẹ̀.

Mo bá wọn jiyàn lójú ọ̀nà ilé, nínú bọ́ọ̀sì. Mo ní, "Ẹ ò ṣe sọ fún un pé ẹ̀ ń gbọ́ òórùn? Pé ilẹ̀ ń gbọ̀n? Ohun tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ sọ!" Wọ́n wo ìta, síbi tí àwọn sójà máa ń wà tẹ́lẹ̀ níwájú báráàkì. Wọ́n ní, "Ta ló fi ìmọ̀ yẹn sí mi lẹ́sẹ̀? Ṣé èmi ni?"

Ó yẹ kí n sọ nípa tíìmù wa, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Họ́kì orí yìnyín, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: èèyàn mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, bàtà tó ní abẹ nísàlẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́, róbà dúdú pẹlẹbẹ kan tí ẹ ó máa lé kiri bí ẹni pé òun ló jí ẹran inú ọbẹ̀ yín. Èmi ni aṣọ́lé, èmi náà ni kápténì. Àsìkò tí Mọ́mì wà níbi iṣẹ́, tí Dáàdì Àgbà ń tọ́jú mi ní gbọ̀ngán yẹn, ni mo kọ́ ọ. Mi ò tíì mọ nǹkan mìíràn ṣe dáadáa bẹ́ẹ̀ láyé mi. Tí mo bá ti dé akoto, tí mo dúró síwájú àwọ̀n, mi kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni, mi kì í ṣe àlejò níbikíbi.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa kéré. Tíìmù àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké ló sì ń kú kiri. Nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, pátákó funfun kan wà tí kóòṣì kọ orúkọ gbogbo àwọn tí a máa bá gbá àti tiwa sí. Bí sáà kan bá ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń mú mọ́kà, á fa ìlà lórí orúkọ kan: wọ́n ti tú tiwọn ká. Sáà tó tẹ̀ lé e, ìlà mìíràn. Àwọn ọmọ tí a jọ ṣubú lu ara wa lọ́dún tó kọjá, tí a mọ ẹ̀rín wọn, a ò rí wọn mọ́. Dáàdì Àgbà wọlé wá gbálẹ̀ yàrá náà lọ́jọ́ kan, wọ́n dúró níwájú pátákó.

"Mélòó ló kù?"

"Mẹ́ta, Dáàdì Àgbà."

"Ẹ̀yin wà nínú mẹ́ta yẹn?"

Mo tún un kà. "Àwa la ṣe ẹ̀kẹta."

Wọ́n mú mọ́kà tí kóòṣì gbé kalẹ̀, wọ́n ṣí i, wọ́n fi kan ìka wọn, ó ta síbẹ̀ dúdú. Wọ́n ní, "Kò tíì gbẹ."

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọ̀gá eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì pè wá jọ. Obìnrin náà ò burú. Ó ní àwọn aláṣẹ ń wò ó bóyá kí tíìmù máa bẹ nìṣó tàbí kó dúró, àwọn fúnra wọn á wá wòran ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa tó kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, a ti rí ọdún mìíràn nìyẹn. Mi ò sun oorun gidi látọjọ́ náà. Mò ń gbá bọ́ọ̀lù tẹníìsì mọ́ ògiri ilé wa, mò ń mú un, títí tí obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ wa fi wá kan ilẹ̀kùn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Dáàdì Àgbà wọ yàrá mi. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, mú fóònù ẹ. O ní kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Bá mi kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Yorùbá, mò ń tẹ̀ ẹ́ ní gẹ̀ẹ́sì. Pé ilẹ̀ tó wà lápá yàrá ẹ̀rọ ń gbọ̀n, kì í sì í gbọ̀n bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Pé láràárọ̀, òórùn bí ìtọ̀ ń jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá náà. Pé gáàsì tó ń mú omi dì ni, pé tó bá bú jáde, ojú ni yóò kọ́kọ́ bà jẹ́, kó tó kan àyà. Pé kí ẹnì kan wá wò ó kí èèyàn tó kú. Kò sí ìran níbẹ̀, kò sí Ọlọ́run níbẹ̀, iṣẹ́ nìkan ni. Lẹ́tà tó dáa jù tí mo kọ rí nìyẹn. Máníjà ni kí n fi ránṣẹ́ sí, àti kọ́lẹ́ẹ̀jì.

"Ṣé o ti fi ránṣẹ́?"

Mo wo fóònù. Mo ronú pé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá rí èyí, ohun tí wọ́n ń wá ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́ yẹn. Wọ́n á ní yìnyín ò dáa, wọ́n á ní ẹ pẹ̀lẹ́, wọ́n á tú wa ká lọ́la. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Páìpù tó ti wà látọjọ́ tó ti pẹ́, ṣé kò lè fara dà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni? Tí a bá ti gbá a tán, mo máa fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Mo ti fi ránṣẹ́, Dáàdì Àgbà."

Ohùn mi ò tiẹ̀ gbọ̀n. Wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n fọwọ́ kàn mí lórí. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kí mi: nídìí oúnjẹ, lórí àtẹ̀gùn, nígbà tí mò ń fọ eyín. "Ṣé wọ́n ti fèsì?" Màá ní wọn ò tíì fèsì. Wọ́n á mi orí. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tó ṣáájú eré, wọ́n ní, "Ó yà mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí èèyàn ni mo kọ síbẹ̀." Mo lọ sí balùwẹ̀, mo ṣí omi, mo jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Síbẹ̀, mi ò fi ránṣẹ́.

Ọ̀sán Sátidé ni eré náà. Àwọn aláṣẹ wá, wọ́n gbé kọfí lọ́wọ́. Mọ́mì wá tààrà láti ibiṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ń juwọ́. A fò jáde sórí yìnyín, ni mo bá rí Dáàdì Àgbà láàárín gbùngbùn ibẹ̀. Wọ́n wọ sùtánà funfun, èyí tí mi ò rí wọn wọ̀ wá síbẹ̀ rí. Kò sí bàtà. Máníjà ń pè wọ́n látẹ̀yìn ọgbà, wọn ò dá a lóhùn. Wọ́n gbé ohùn sókè ní gẹ̀ẹ́sì pé ẹnikẹ́ni ò ní gbá nǹkan kan níbí lónìí, pé a ti fi han àwọn.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àwọn kan gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya fídíò. Mo sáré lọ bá wọn.

"Dáàdì Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò. Ẹ̀ ń dójú tì mí."

"Ṣé wọ́n fèsì lẹ́tà yẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́ ná! Ẹ máa ba ayé mi jẹ́!"

"Àbẹ̀kẹ́. Ṣé wọ́n fèsì?"

Wọ́n tẹ ara sílẹ̀, wọ́n wò mí láàárín irin akoto mi, wọ́n wò mí pẹ́. Mo rí i tí wọ́n mọ̀. Wọn ò bínú, ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n ní, "O ò fi ránṣẹ́." Wọ́n ní, "Kó àwọn ọmọ yẹn jáde."

Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti dákẹ́. Ẹni tí kò bá gbé nídìí yìnyín ò lè mọ ohun tí mò ń sọ: ariwo ẹ̀rọ ti máa ń wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í gbọ́ ọ mọ́, ó wá dúró. Nǹkan kan dún wàá nínú yàrá ẹ̀rọ. Òórùn yẹn dé, ó wọ imú, ó wọ ojú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe, mò ń ti àwọn ọmọ tíìmù mi sí ẹnu ọ̀nà, tiwa, tiwọn, gbogbo wọn. Kọfí dà sílẹ̀, àwọn aláṣẹ ń sáré. Nígbà tí mo dé ìta tí mo ka gbogbo wa, a pé. Mọ́mì di apá mi mú, ó ní, "Dáàdì dà?"

Wọ́n ti wọ yàrá ẹ̀rọ lọ. Àwọn nìkan ló mọ fáàfù tí wọ́n máa yí kí gáàsì tó lè dúró. Wọ́n yí i. Wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde, sùtánà wọn ni wọ́n fi bo ẹnu, omi ń dà lójú wọn. Wọn ò tún mí dáadáa mọ́ láyé.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tú wa ká lọ́sẹ̀ kejì. Àwọn olùwádìí wá sí wọ́ọ̀dù Dáàdì Àgbà ní ọsibítù, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, wọ́n ní kí n máa túmọ̀. Wọ́n béèrè bóyá Dáàdì Àgbà ti kọ nǹkan sílẹ̀ rí láti fi kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Dáàdì Àgbà yọ rọ́bà atẹ́gùn kúrò nímú, wọn ò tiẹ̀ dúró kí n túmọ̀. "No. God show me. I no write anything." Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i bó ṣe wo ẹnì kejì ẹ̀. Bàbá tí kì í purọ́ jẹun ló purọ́ yẹn, "a fi hàn mí" tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọ́n tún dì mú, kí ọwọ́ má bàa tẹ̀ mí.

Nígbà tí àwọn yẹn lọ, mo sunkún títí mo fi ń bì. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Lẹ́tà yẹn, ṣé o ṣì ní i?"

"Ó wà nínú fóònù mi."

"Má pa á rẹ́," wọ́n ní. "Wọ́n ṣì máa nílò ẹ̀."

Oṣù méje ni wọ́n fi wà láyé sí i, tí àyà wọn ń han. Mọ́mì ò mọ̀ nípa lẹ́tà náà títí di ọjọ́ tó máa ka ibí yìí. Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.

Nítorí pé kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni kọ, jàǹbá lásán ni wọ́n pè é. Wọ́n pààrọ̀ páìpù kan, wọ́n kun ògiri, wọ́n ṣí gbọ̀ngán padà. Lóṣù tó kọjá, kóòṣì pè mí, ayọ̀ ń bẹ lóhùn ẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ gbé tíìmù dìde, ó ní kí n wá máa kọ́ àwọn aṣọ́lé. Àwọn ọmọ tuntun ti forúkọ sílẹ̀, Sátidé yìí ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Mo fò sókè nínú kíṣìnì. Mo ti rò pé eré yẹn ti kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Túsìdeè ọ̀sẹ̀ yìí. Ojú yìnyín ń dán. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo rìn dé àárín. Òtútù yẹn gún mi dé egungun. Mo dijú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta.

Ó ń gbọ̀n. Lápá yàrá ẹ̀rọ. Mo rìn débẹ̀, mo fi imú sí abẹ́ ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ọ.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé a fi hàn mí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ṣí lẹ́tà náà, mo tún ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀ kọ. Mo fi orúkọ mi sábẹ́ orúkọ Dáàdì Àgbà, mo kọ ọ́ pé ọdún tó kọjá ni bàbá yìí sọ ọ́, pé èmi ni mo dì í mú. Mo fi ránṣẹ́ sí máníjà, sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, sí àwọn tó ń yẹ ilé iṣẹ́ wò. Mo mọ̀ pé mo ti fi pa tíìmù náà, kóòṣì ò sì tíì gbé ìpè mi látìgbà náà.

Òní ni Jímọ̀. Wọn ò tíì fèsì. Sùtánà tuntun la fi sin Dáàdì Àgbà, ti àtijọ́ ló kù nílé. Mo ti ká a sínú báàgì mi fún ọ̀la, kí n lè ṣáájú àwọn ọmọ yẹn dé orí yìnyín.